Etí Gùn Ju Ọwọ́ Lọ: Kí Ló Dé Tí Ọkàn Kì Í Balẹ̀ Mọ́ Láyé Òde Òní?

  

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń gbọ́ lójoojúmọ́ ní àdúgbò wa, Ìsìkàn, ní ìlú Àkúrẹ́. Bí a bá kí ìyá tí ó ń ta gàrí lọ́jà Ìsìkàn pé ṣé àlàáfíà ni, yóò ní, "Àlàáfíà ni, àfi pé ọkàn ni kò balẹ̀." Bí a bá kí ọlọ́kadà, bákan náà ni yóò dá wa lóhùn. Àwọn ọmọ tí ó ti jáde nílé kéwú wa, tí wọ́n ń múra ìdánwò JAMB tàbí tí wọ́n ti gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì tí wọn kò ríṣẹ́, a máa dúró dè wá lẹ́yìn ìrun Alásárì. Àdúà tí wọn yóò máa ṣe ni wọ́n ń béèrè, nítorí pé àyà wọn ń já láìsí ohun tí ó lé wọn, oorun kì í kùn wọ́n lóru, oúnjẹ kò sì lọ lọ́fun.

Èyí tí ó dùn wá jù ni pé púpọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún àgbà kan nílé tàbí ní mọ́ṣáláṣí. Èsì tí wọ́n sì gbà ni pé ìgbàgbọ́ wọn ni kò lágbára, pé Mùsùlùmí òdodo kì í ṣàníyàn. Ọmọ tí ó gbé ẹrù kan wá a wá gbé méjì lọ sílé: àníyàn tí ó ní tẹ́lẹ̀, àti ìtìjú pé bóyá Ọlọ́hun ń bínú sí òun. Nítorí èyí ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò. Kí ló dé tí àníyàn fi pọ̀ tó báyìí? Ǹjẹ́ àìní ìgbàgbọ́ ni lóòótọ́, àbí nǹkan mìíràn ni?

Ṣé Àwọn Baba Wa Kò Ṣàníyàn Ni?

Àwọn kan máa ń sọ pé ayé àtijọ́ rọrùn, pé ọkàn àwọn baba wa tutù bí omi àmù. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ wọn: Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé, Dúrósinmí. Kí ni àwọn orúkọ wọ̀nyí bí kò ṣe ẹ̀bẹ̀ ìyá tí ó ti sin ọmọ méjì mẹ́ta, tí ẹ̀rù sì ń bà á nítorí èyí tí ó wà lọ́wọ́? Ogun Kírìjì tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá Ìbàdàn jà bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní ibùdó. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ti di ọmọ ọdún 16 kí wọ́n tó tú ká. Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, tí àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú, pa ènìyàn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ṣọ̀pọ̀ná náà ń jà káàkiri. Ọdún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde pé ó ti tán pátápátá lórí ilẹ̀ ayé.

Àwọn onímọ̀ náà ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó jẹ́ dókítà àrùn ọpọlọ, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, lọ sí àwọn abúlé tí ó yí Abẹ́òkúta ká. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ará oko lẹ́nu wò, wọ́n sì tẹ ìwé lórí rẹ̀ ní 1963. Wọ́n rí i pé àwọn ará oko náà ní ìdààmú ọkàn tiwọn. Kò sí abúlé tí hílàhílo kò mọ̀nà ibẹ̀.

A jẹ́ pé ẹ̀rù kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn àgbà ní a kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí a kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé wa. Àwọn baba wa ti sáré nínú ẹ̀gún tiwọn. Ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń rí ohun tí ó ń lé wọn, ọwọ́ wọn máa ń rí nǹkan ṣe sí i, wọ́n sì máa ń rí ẹni bá wọn sáré. Nǹkan mẹ́ta yìí ni ayé òde òní ń gbà lọ́wọ́ wa díẹ̀díẹ̀.

Ohun Tí Etí Gbọ́ Tí Ọwọ́ Kò Tó

Ẹ jẹ́ kí a wo àgbẹ̀ kòkó ní agbègbè wa, láti Àkúrẹ́ títí dé ìlú Oǹdó. Ohun tí ń ba bàbá rẹ̀ lẹ́rù ni òjò tí ó pọ̀ jù, àrùn tí ń sọ kòkó di dúdú lórí igi, àti eku. Ẹ̀rù gidi ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá ń ba àgbẹ̀ náà, ó ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe: yóò ro oko, yóò fín oògùn, yóò ká èyí tí ó ti bàjẹ́ dànù. Títí di 1986, ìgbìmọ̀ ìjọba ni ó ń dá iye tí wọn yóò ra kòkó. A kò sọ pé ìgbìmọ̀ náà dára. Owó tí ó ń san fún àgbẹ̀ kéré sí ohun tí kòkó ń mú wá lókè òkun. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ mọ iye tí òun yóò gbà, ó sì mọ ìlú tí ẹni tí ó rẹ́ ẹ jẹ wà.

Lónìí, ọjà London àti ti New York ni wọ́n ti ń dá iye kòkó tí ó wà lórí àgbàlá wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tọ́ọ̀nù kòkó kan kò tó 3,000 dọ́là. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ó kọjá 10,000. Kí 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ sí abẹ́ 7,000. Àgbẹ̀ tí kò kúrò lóko rẹ̀ láti àárọ̀, tí kò ṣe ọ̀lẹ, tí kò jí tẹnìkan, a lè di olówó tàbí kí ó di onígbèsè nítorí ohun tí àwọn ènìyàn tí kò ní rí láéláé sọ ní ìlú tí kò ní dé láéláé. Fóònù ọmọ rẹ̀ ni ó ń ròyìn rẹ̀ fún un. Etí rẹ̀ ti gbọ́. Kí ni ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe?

Kò pin sí ọ̀dọ̀ àgbẹ̀. Gbogbo wa ni a rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Owó wà ní báńkì, kò sí lọ́wọ́. Ìyá tí ó fi lágbára kó 20,000 náírà jọ a tò láti àsùbáà títí di ọ̀sán, yóò sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Oṣù kẹta ni Ilé-Ẹjọ́ tí ó ga jù tó sọ pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ni ìjọba tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ lórí epo mọ́tò ti tán. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní Àbújá lọ́sàn-án, ó ti dé Ìsìkàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, owó epo ti ju ìlọ́po méjì lọ. Owó mọ́tò gbéra, ata gbéra, gàrí gbéra. Àwọn tí ó ń jìyà rẹ̀ kò sí níbi tí wọ́n ti sọ ọ́.

Ohun tí a ń pè ní etí tí ó gùn ju ọwọ́ lọ nìyí. Láti 2001 tí fóònù alágbèéká ti di ti gbogbo ènìyàn, kò sí iná tí ó jó, kò sí mọ́tò tí ó dojú dé, kò sí ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ tí kì í dé orí àtẹ́lẹwọ́ wa kí a tó jí. Ara tí Ọlọ́hun fún wa kò yí padà. Nígbà tí a bá gbọ́ ohun ẹ̀rù, ẹ̀jẹ̀ a sáré, àyà a lù kìkì, iṣan a le, kí a lè sá tàbí kí a lè jà. Bí a bá sá tàbí tí a jà, ara a rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sórí àga, tí ó ń gbọ́ ohun ẹ̀rù ogún kí ó tó jẹun òwúrọ̀, níbo ni yóò sá lọ? Ta ni yóò bá jà? Ara rẹ̀ a wà ní ìmúrasílẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, bí aṣọ́gbà tí ẹnìkan kò wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹrù Gbogbo Ilé Lórí Ẹnì Kan

Ohun kejì ni pé a ti ń dá gbé ohun tí a ń jùmọ̀ gbé tẹ́lẹ̀. Ní 1960, dókítà kan láti Kánádà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Raymond Prince, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó rí lára àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ilẹ̀ wa. Orí a máa gbóná wọn, a máa rìn wọ́n bí ẹni pé nǹkan ń rá nínú rẹ̀. Ojú a máa ṣú wọn bí wọ́n bá ṣí ìwé. Ohun tí wọ́n kà kì í dúró. Àwọn ọmọ náà fúnra wọn ń pè é ní "brain fag", èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọpọlọ ti rẹ̀ wọ́n. Dókítà náà rí i pé kì í ṣe ìwé nìkan ni ó wúwo. Ilé ni ó wúwo. Wọ́n ti ná owó oko sórí ọmọ kan. Gbogbo àbúrò ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, òun nìkan ni yóò jókòó ti àtùpà, òun nìkan ni yóò wọ inú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Àwa tí a gba ilé kéwú kọjá, tí a sì tún lọ sí ilé-ìwé ìjọba, mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa. Nílé kéwú, ohùn ni a fi ń kàwé, a sì jọ ń kà á ni. Ẹni tí ó ti dé iwájú a máa kọ́ ẹni tí ó wà lẹ́yìn. Ẹni tí ohùn rẹ̀ kò dá ṣáká, ohùn àwọn yòókù a gbé e. Bí ọmọ kan bá sì parí Àlùkùránì, gbogbo àdúgbò ni yóò jẹ wólímà rẹ̀. A kò sọ pé ilé kéwú kò ní àléébù. Pàṣán ń bẹ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ẹ̀rù pàṣán náà sì bà. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹ̀rù tí a jọ bà ni, a sì jọ máa ń rẹ́rìn-ín sí i bí a bá ń lọ sílé.

Ẹ wá wo ọmọ òde òní. Ní ọdún 2025, àwọn tí ó ṣe ìdánwò JAMB ju 1,900,000 lọ, àyè tí ó sì wà ní àwọn yunifásítì kò gbà wọ́n. Ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ń bá ènìyàn tí kò rí figagbága. Bí ó bá jókòó sílé tán, fóònù a tún fi ẹgbẹ́ rẹ̀ hàn án: ẹnìkan ra mọ́tò, ẹnìkan ti dé Kánádà, ẹnìkan ń ṣe ìyàwó. Àwọn àgbà sọ pé ìka kò dọ́gba. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ń rí ìka márààrún pọ̀, ó mọ èyí tí ó gùn, ó mọ èyí tí ó kúrú. Inú fóònù kọ́ nìyẹn. Ìka tí ó gùn jù lára ọwọ́ kọ̀ọ̀kan nìkan ni àwọn ènìyàn ń nà síta níbẹ̀. Ọmọ wa wá ń wo ẹgbẹ̀rún ìka gígùn, ó ń fi wọ́n wé ìka kékeré tirẹ̀, ó sì ń rò pé òun nìkan ni Ọlọ́hun gbàgbé.

Ǹjẹ́ Àìní Ìgbàgbọ́ Ni?

Ẹ jẹ́ kí a padà wá sí ọ̀rọ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀. Bí Mùsùlùmí òdodo kì í bá ṣàníyàn, kí ni kí a sọ nípa Ànábì Yàkúbù, tí ó sunkún Yúsúfù títí ojú rẹ̀ fi funfun? Kí ni kí a sọ nípa ìyá Ànábì Mūsá? Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ni ó fi mọ̀ ọ́n pé kí ó gbé ọmọ náà sínú omi, Ó sì ṣèlérí pé òun yóò dá a padà fún un. Pẹ̀lú ìlérí náà, Àlùkùránì sọ fún wa pé ọkàn rẹ̀ ṣófo, ó kù díẹ̀ kí ó tú àṣírí ara rẹ̀. Ọlọ́hun kò bá a wí. Ó fún ọkàn rẹ̀ lókun ni. Kí ni obìnrin náà sì ṣe? Ó rán ẹ̀gbọ́n ọmọ náà pé kí ó máa tọ ọmọ lẹ́yìn, kí ó máa ṣọ́ ọ láti òkèèrè. Ẹ ṣàkíyèsí èyí. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó inú ààfin Fir'aona, ṣùgbọ́n ó tó ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó ṣe èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tó, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tí ó ṣèlérí.

Anas ọmọ Malik, tí ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún Ànábì wa, ròyìn àdúà kan tí Ànábì máa ń ṣe lemọ́lemọ́. Nínú rẹ̀, ó ń sá di Ọlọ́hun kúrò lọ́wọ́ àníyàn ohun tí ń bọ̀ àti ìbànújẹ́ ohun tí ó ti kọjá. Ohun tí ó tẹ̀ lé wọn nínú àdúà kan náà ni àìlágbára, ìmẹ́lẹ́, ìwà ahun, ojo, ẹrù gbèsè, àti kí àwọn ènìyàn máa tẹ ni mọ́lẹ̀. Bí Ànábì bá nílò irú àdúà yìí, ta ni àwa tí a óò sọ pé àníyàn kò gbọdọ̀ dé bá ọmọ wa? Ẹ sì wo ohun tí àdúà náà kó pọ̀. Ó so àníyàn mọ́ gbèsè, ó so ó mọ́ ìnilára. Ìyẹn ni pé nígbà mìíràn, inú àpò ni àníyàn ti wá. Nígbà mìíràn, ọwọ́ àwọn alágbára ni ó ti wá.

Nítorí náà, ẹ̀rù mìíràn wà tí ó tọ́ kí ó bà wá. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n pa ènìyàn bí 40 nínú ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, níbi tí wọ́n ti ń jọ́sìn. Ọ̀wọ̀ kò jìnnà sí wa. Aládùúgbò wa ni wọ́n, àna wa ni wọ́n. Ẹni tí ó bá sọ fún ará Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ kejì pé kí ó fọkàn balẹ̀, kò gbà á nímọ̀ràn. Ààbò ojú ọ̀nà, owó tí ó tó jẹun, iṣẹ́ fún ọ̀dọ́, àmánà ni wọ́n lọ́rùn àwọn tí ó ń ṣèjọba. Kò yẹ kí á fi wàásù sùúrù bo àmánà tí wọ́n jẹ mọ́lẹ̀.

Ṣé ìgbàgbọ́ kò wá wúlò ni? Ó wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe láti sọ ènìyàn di òkúta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ààlà hàn wá: ibi tí ọwọ́ wa mọ, àti ibi tí ti Ọlọ́hun ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ààlà yìí yóò máa gbé ẹrù tí ẹnìkan kò dì fún un.

Kí Ni Kí A Ṣe?

Nínú èdè wa, àníyàn ní ojú méjì. A máa ń sọ pé ọkùnrin kan ń ṣàníyàn, èyí ni pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. A tún máa ń sọ pé ó fi àníyàn ṣe nǹkan, èyí ni pé ó pinnu rẹ̀ lọ́kàn kí ó tó ṣe é. Etí ẹni tí ó gbọ́ Lárúbáwá a máa lọ sí "niyyah" bí ó bá gbọ́ ọ, ìpinnu ọkàn tí gbogbo iṣẹ́ wa dúró lé. A rò pé ọgbọ́n wà nínú ojú méjì yìí. Àníyàn tí ó bá rí iṣẹ́ fún ọwọ́ a di ìpinnu. Èyí tí kò bá rí iṣẹ́ a yíjú padà sí olówó rẹ̀, a sì máa jẹ ẹ́ lára. Ọkùnrin kan bi Ànábì bóyá kí òun so ràkúnmí òun kí òun tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun, tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun gbẹ́kẹ̀ lé E. Èsì tí ó gbà ni pé kí ó so ó, kí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé E. Okùn náà jẹ́ ti ọwọ́, ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́ ti ọkàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àyà yín bá ń já, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: kí ni ohun náà gan-an? Ẹ pè é lórúkọ. Ẹ̀rù tí kò lórúkọ ni ó máa ń tóbi jù. Èkejì: èwo nínú rẹ̀ ni ọwọ́ mi tó lónìí? Bí ó ṣe ojú ewé méjì ìwé ni, bí ó ṣe kí a lọ bá ẹni tí a jẹ lówó kí a bẹ̀ ẹ́ ni, ẹ ṣe é kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀kẹta: ta ni yóò bá mi gbé e? Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn ké sí ẹlòmíràn pé kí ó bá òun sọ ẹrù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ dín ìròyìn kù nínú ilé. Kò burú bí gbogbo fóònù ilé bá sùn lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Bí ọmọ bá ti ibi ìdánwò dé, ẹ bi í bóyá ó ti jẹun kí ẹ tó bi í ní iye tí ó gbà. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ọmọ yín ni, kì í ṣe oko tí ẹ gbìn tí ẹ ń retí ìkórè. Ẹ má sì ṣe sọ fún ọmọ tí ó sọ pé òun kò lè sùn pé kò nígbàgbọ́.

Bí àìróorun-sùn bá di ọ̀sẹ̀ púpọ̀, bí ọmọ bá kọ oúnjẹ, bí ó bá ń yẹra fún ènìyàn, tàbí bí ó bá sọ pé ikú yá ju èyí lọ, ẹ má dúró de àdúà nìkan. Ẹ gbé e lọ bá dókítà, kí ẹ sì máa ṣe àdúà lọ. Èyí kì í ṣe àṣà òyìnbó. Ó ti ju 1,000 ọdún lọ tí Abu Zayd al-Balkhi, onímọ̀ Mùsùlùmí láti ilẹ̀ tí a ń pè ní Afghanistan lónìí, tí ó kú ní 934, ti kọ̀wé pé bí ara ṣe ń ṣàìsàn ni ọkàn ń ṣe é. Ó bá àwọn oníṣègùn tí ó ń wo ara nìkan wí. Ó ní bí a ti ń tọ́jú oògùn pamọ́ de ọjọ́ àìsàn, bẹ́ẹ̀ ni kí á tọ́jú èrò rere pamọ́ ní ọjọ́ tí ọkàn balẹ̀, de ọjọ́ tí kò ní balẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lámbò náà, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní 1954, kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó ní kí ará ilé kan bá aláìsàn wá, kí wọ́n jọ máa gbé ní abúlé tí ó wà nítòsí, kí aláìsàn máa wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án kí ó sì padà sáàárín ènìyàn lálẹ́. Ó mọ̀ pé ìdajì oògùn ọkàn ni ẹni tí ó jókòó tì wá.

Ẹ̀yin ará, a kò lè dá ayé padà sí ìgbà tí ìròyìn fi ẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n a lè kọ́ ọkàn wa pé kì í ṣe gbogbo ohun tí etí gbọ́ ni Ọlọ́hun yóò bi wá léèrè rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ wa tó ni yóò bi wá, àti ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí a lè bá gbé ẹrù tí a kò bá a gbé.

Kí Ọlọ́hun Ọba fún ọwọ́ wa lágbára fún ohun tí ó tó, kí Ó gba ohun tí kò tó lọ́wọ́ wa. Kí Ó yọ wá nínú gbèsè àti lọ́wọ́ àwọn tí ń nini lára. Kí Ó fún àwọn ọmọ wa ní oorun tí ó dùn àti òwúrọ̀ tí ó ní ìrètí. Àmín.